Omi Tíì Bàbá Mi

Bàbá mi kì í mu ọtí, wọn kì í fín tábà, wọn kì í sì í ta tẹ́tẹ́. Tíì ni wọ́n ń mu. Wọ́n ti ṣe kúùkù nínú ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí mi, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ti kó àṣà tíì mímu wálé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, òjò ì báà máa rọ̀, oòrùn ì báà máa ràn, bàbá mi á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òkè ilé wa ní Olówógbowó, wọ́n á gbé ife tí ìlà búlúù yí ẹnu rẹ̀ ká dání, wọn ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọn á fi mu ún dé ìdajì. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó méjì ni ọkọ àwọn ní: àwọn àti kẹ́tù.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, ìyá mi ti kú. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Mo ti lé díẹ̀ lọ́gbọ̀n ọdún, mi ò tíì lọ́kọ, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi. Ọjà Balógun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mò ń bá ìyá kan ta bàtà ọmọdé. Bí mo bá ti ọjà dé, bàtà mi kì í tíì kúrò lẹ́sẹ̀ mi tí mo ti máa ń gbé omi tíì kaná.

Omi ẹ̀rọ la fi dàgbà. Ẹ̀rọ kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bí èèyàn bá yí i, á kọ́kọ́ wúkọ́ bí arúgbó, á tu afẹ́fẹ́ jáde, kí omi tó tẹ̀ lé e. Omi náà máa ń tutù, kò ní òórùn, kò sì ní adùn kankan. Ohun tí bàbá mi fi ń yìn ín gan-an nìyẹn.

Wọ́n á ní, "Omi tó dáa kì í sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí o bá mu omi, tó o gbọ́ ohùn rẹ̀, nǹkan kan ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn."

Díẹ̀díẹ̀ ni omi yẹn ń kọ̀ wá sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ di omi àárọ̀ nìkan. Nígbà tó yá, a lè má rí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà, ikọ́ yẹn nìkan la ń gbọ́, ká tó wá gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Àwọn tá a jọ ń gbélé dáwó jọ, wọ́n gbẹ́ bọ́hóòlù sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì gbé táńkì dúdú ńlá kan lé orí irin. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ilé tilẹ̀ bọ́ ìborí, ó ki orí bọ abẹ́ omi.

Àmọ́ erékùṣù la wà, ọ̀sà ló yí wa ká. Omi tó bá jáde látinú ilẹ̀ wa ti bá òkun sọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Omi bọ́hóòlù yẹn mọ́ lójú, ó ń dán, àmọ́ ó le. Bí mo bá fi wẹ̀, ọṣẹ kì í hó, á kàn máa yọ̀ lára mi bí ọ̀rá ẹran, á sì fi nǹkan funfun kan sílẹ̀ yí etí bàfù ká. Aṣọ tá a bá fi fọ̀ á le gbagidi lórí okùn bíi pákó. Ẹ̀wà kì í rọ̀ nínú rẹ̀, gáàsì á tán, ẹ̀wà á ṣì máa wojú ẹni. Ìdí kẹ́tù ló wá burú jù. Nǹkan funfun bí ẹfun lẹ̀ mọ́ ọn, ó nípọn débi pé bí kẹ́tù bá ti ń hó, àá máa gbọ́ tó ń pariwo nínú bíi pé wọ́n da òkúta wẹẹrẹ sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo fi omi náà po tíì, bàbá mi wo inú ife, wọ́n tún un wò. Awọ fẹ́lẹ́ kan bo ojú tíì, ó ń dán bí epo ọkọ̀ tó dà sójú ọ̀sà. Wọ́n fi ṣíbí fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún padà. Wọ́n fi ẹnu kàn án, wọ́n gbé ife kalẹ̀.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Bàbá, omi tuntun ni."

"Èyí kì í ṣe omi. Ọbẹ̀ ni."

A gbìyànjú. Mo ra píọ̀ wọ́tà, bàbá mi ní ọ̀rá ni àwọn ń gbọ́ lẹ́nu. Mo ra omi lọ́wọ́ àwọn Hausa tó máa ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì kiri, bàbá mi gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní kẹ́ẹ̀gì tó ti gbé epo rí kò lè purọ́. Nígbà tó yá, wọn ò bá mi jà mọ́. Wọ́n kàn máa ń jókòó sójú fèrèsé wọn ní ìrọ̀lẹ́, láìsí ife lọ́wọ́. Ìyẹn dùn mí ju kí wọ́n máa ráhùn lọ. Látìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò mọ nǹkan míì tó tún ń dùn mọ́ wọn nínú.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, wọ́n pè mí látojú fèrèsé.

"Wá wo nǹkan."

Mo lọ wò ó. Mi ò rí nǹkan kan ju títì lọ.

"Wo gọ́tà," ni wọ́n wí. "Níwájú ilé Ìyá Àgùdà."

Ìfófòó ọṣẹ ni. Ó ń ti ẹ̀yìnkùlé ilé tó dojú kọ wá ṣàn wá, ó funfun, ó ga, ó kún ẹnu gọ́tà, afẹ́fẹ́ sì ń já a bọ́ díẹ̀díẹ̀ gba ojú títì. Ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ ní àdúgbò wa.

Bàbá mi ní, "Ọṣẹ yẹn hó. Lọ bá mi bi wọ́n, omi wo ni wọ́n ń lò?"

Ìyá Àgùdà ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá náà. Pópó Àgùdà ni wọ́n ti bí wọn, ọkọ ló gbé wọn wá sí Olówógbowó, ọkọ náà sì ti kú tipẹ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n ní ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sì í dúró tàkúrọ̀sọ lójú títì. Wọ́n á kí èèyàn, wọ́n á ti wọlé. Àwọn ló ń fọ aṣọ pẹpẹ ìjọ Kátólíìkì tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí mo wọlé, aṣọ funfun kún orí okùn, ó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀. Kò sí èyí tó le bíi pákó níbẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ọmọ Kúùkù, ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Bàbá mi ló ní kí n wá bi yín pé irú omi wo lẹ fi ń fọṣọ."

Wọ́n fi aṣọ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ṣé ìfófòó ọṣẹ mi ni bàbá rẹ jókòó tì lójú fèrèsé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí màá rí eyín wọn. Wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ga dé orúnkún mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu kanlẹ̀. Ilẹ̀ ilé wọn rẹlẹ̀ ju tiwa lọ.

"Omi ìjọba ò lágbára láti gòkè lọ bá yín mọ́," ni wọ́n sọ fún mi, "àmọ́ ó ṣì lè wọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Àárọ̀ kùtù ló máa ń wá, á tín-ín-rín bí okùn. Mo máa ń gbé garawa tì í ni, màá bá tèmi lọ."

Wọ́n bu kẹ́tù kan fún mi. Mo gbé e délé, mo gbé e kaná, mo po tíì. Bàbá mi wo inú ife. Ojú tíì mọ́ kedere, wọ́n ń rí ìdí ife. Wọ́n mu ún, wọ́n sì dijú.

"Ó dákẹ́," ni wọ́n sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé kẹ́tù sọdá títì lójoojúmọ́. Ìyá Àgùdà kò gbowó, wọn kò sì ráhùn. Bí mo bá dé, garawa omi kan á ti wà ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àwo bò. Nígbà míì wọ́n á fi ìbéèrè kan rán mi sílé. "Bi bàbá rẹ bóyá òótọ́ ni pé wọ́n máa ń fi iyọ̀ sí tíì ní ìlú kan." Màá bi bàbá mi, bàbá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ìtàn gígùn kan dá mi padà lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe di alárinà nìyẹn láìfura.

Nígbà tí ọdún Kérésì ń bọ̀, ọjà kún. Gbogbo ayé ló fẹ́ ra bàtà fún ọmọ. Mi kì í tètè dé mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo délé, bàbá mi kò sí lójú fèrèsé, kẹ́tù pàápàá kò sí nílé ìdáná. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú nígbà tí mo gbúròó wọn lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé kẹ́tù lọ́wọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn. Òfìfo ni.

"Bàbá, omi ńkọ́?"

"Mo ti mu ún níbẹ̀," ni wọ́n fèsì, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ.

Wọn ò rán mi níṣẹ́ omi mọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Tí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, wọ́n á lọ fúnra wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn nǹkan kan. Wọ́n ń lọ aṣọ kí wọ́n tó sọdá títì. Wọ́n ń fá irùngbọ̀n lọ́sàn-án. Fìlà tí wọ́n ti gbé kọ́ látìgbà ìsìnkú ìyá mi padà sórí. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n bá wọn wo ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì wọn bóyá ó rún. Mo wò ó, mo ní kò rún. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún ara mi pé bàbá mi ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀, inú mi dùn, mo sì gbájú mọ́ ọjà mi.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn wá yé mi, ọjọ́ Àìkú kan ni. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wá kí wọn látọ̀nà jíjìn, mo ní kí wọ́n jókòó, mo sọdá títì lọ pe bàbá mi. Ilẹ̀kùn ìta ilé Ìyá Àgùdà wà ní ṣíṣí. Mo rìn gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ okùn aṣọ, wọ́n kọ̀yìn sí mi. Mo fẹ́ kí wọn nígbà tí mo gbọ́ ohùn bàbá mi.

"Ṣé o ti fi ṣúgà sí i?"

Mo dúró.

Kẹ́ ẹ lè lóye ohun tó dá mi dúró, ẹ ní láti mọ bàbá mi. "Ẹ" ni wọ́n máa ń lò fún gbogbo obìnrin. Wọ́n máa ń sọ "ẹ kú ọjà" fún ọmọbìnrin tó ń ta ata, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ. Wọ́n ti ń sọ "ẹ" fún Ìyá Àgùdà látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi nìkan, àti èmi, ni wọ́n ń sọ "o" fún nínú gbogbo obìnrin tó wà láyé. Ìyá mi sì ti lọ.

Ìyá Àgùdà ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Mo ti fi sí i," ni wọ́n dáhùn, bíi pé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nìyẹn. "Ẹ mu ún kó tó tutù."

Mo padà sílé. Mo sọ fún àlejò pé mi ò bá bàbá mi níbi tí mo rò pé wọ́n wà. Nígbà tí àlejò lọ tán, mo jókòó sórí àga bàbá mi lójú fèrèsé, mo ń wo fọ́tò ìyá mi lára ògiri. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ jókòó díẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò náà ni. Ó wá sí mi lọ́kàn pé ìyá mi ì bá rẹ́rìn-ín, wọn ì bá ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo sọ fún yín pé kẹ́tù yẹn máa fẹ́ ìyàwó wálé."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń ṣe gọ́tà dé àdúgbò wa. Wọ́n gbé katakata aláwọ̀ yẹ́lò wá, wọ́n ń gbẹ́ ojú títì látòkè wá sísàlẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, irin katakata já páìpù àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀. Omi fò sókè ju òrùlé lọ. Àwọn ọmọdé bọ́ra síhòòhò, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n ń kígbe. Àwọn ìyá gbé garawa, gbé ìkòkò, ẹnì kan tilẹ̀ gbé àwo ìwẹ̀ ọmọ rẹ̀ jáde. Ó dà bí ọdún. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti dí ẹnu páìpù náà pa, wọ́n sì ti kọjá síwájú. Ẹ̀rọ kékeré ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgùdà wúkọ́, ó sì dákẹ́. Ìyẹn ni òpin omi ẹ̀rọ ní òpópónà wa.

Bàbá mi jókòó sílé. Ọjọ́ kan kọjá, òmíràn kọjá. Wọn ò fá irùngbọ̀n. Wọn ò lọ aṣọ. Wọ́n jókòó tì fèrèsé, ojú wọn wà ní ilé òdìkejì, bí ojú ẹni tí wọ́n dá padà lẹ́nu bodè.

"Bàbá, ẹ ò lọ kí Mọ́mì òdìkejì?" ni mo bi wọ́n.

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Omi ò sí mọ́."

"Ṣé omi ni?"

Wọ́n yíjú padà sí fèrèsé. Mo mọ̀ pé ojú ló ń ti wọn. Omi náà ni ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń rìn lọ síbẹ̀, wọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe lè kan ilẹ̀kùn obìnrin lọ́wọ́ òfo.

Ìyá Àgùdà ló wá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lórí àtẹ̀gùn, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sinmi níbi tó yí. Mo ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ sì rèé kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Bàbá mi dìde fùú, wọ́n ń wá fìlà.

"Ẹ má wá fìlà," ni Ìyá Àgùdà wí. "Kúùkù, ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ṣé omi nìkan lẹ ń wá kí nílé mi?"

"Màdáámù, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé..." Níwájú mi, wọ́n ti padà sí "ẹ".

"Kí n rò pé kí ni?"

Bàbá mi, tó ti la ìjì òkun kọjá, dúró láàárín pálọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ pa orí tí kò ní fìlà. Ìyá Àgùdà yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, gbé kẹ́tù kaná."

"Mọ́mì, omi wa ò dáa fún tíì."

"Mo mọ̀. Gbé e kaná bẹ́ẹ̀."

Mo gbé e kaná. Kẹ́tù pariwo òkúta rẹ̀. Mo po tíì, mo gbé e wá. Awọ fẹ́lẹ́ yẹn bo ojú ife méjèèjì. Wọ́n jọ mu ún. Bàbá mi mu ún dé ìsàlẹ̀, wọn ò fa ojú ro.

"Ọbẹ̀ ni lóòótọ́," ni Ìyá Àgùdà sọ nígbà tó yá, "bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi."

"Ọbẹ̀ ni," ni bàbá mi náà wí. "Ó ku kéèyàn fi ẹja sí i."

Ẹ̀rín bá wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Ìyá Àgùdà fi ń fi etí ìró nu ojú. Mo rọra jáde, mo ní mo fẹ́ lọ ra búrẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ dé Àbújá. Mi ò mọ ẹni tó gbé e débẹ̀, àmọ́ ọmọ Ìyá Àgùdà wálé. Ọkùnrin gidi ni, ó dàgbà jù mí lọ, ó ti ń hewú díẹ̀. Ó wá sílé wa ní àárọ̀ Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi, ó sì jókòó sétí àga.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi, sà. Mo gbọ́ pé ẹ máa ń wá sọ́dọ̀ màmá mi."

"Mo máa ń lọ," ni bàbá mi dáhùn.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, kí lẹ máa ń wá ṣe?"

"Tíì ni."

Ọkùnrin náà wo ojú mi. Mo gbé ojú mi sílẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ tábìlì. Bàbá mi rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò tó, wọ́n sún àga wọn mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, gbọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá jẹun. Ọmọbìnrin mi yìí, àdúrà mi ni pé kó lọ sílé ọkọ lọ́la. Tó bá lọ tán, èmi àti ògiri ló kù. Màmá rẹ máa ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ á sì ṣú láìjẹ́ pé a mọ̀. Tó o bá ní kí n má wá mọ́, ìwọ lọmọ, mi ò ní wá. Àmọ́ kọ́kọ́ lọ bi wọ́n ná."

Ó dìde, ó sọdá títì. A ń wò ó látojú fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó ń gbọn orí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni mo bi í nígbà tó gòkè dé.

"Wọ́n ní ṣé kò sí iṣẹ́ ní Àbújá ni."

Ìsìn ìgbéyàwó kékeré kan ni àlùfáà ṣe fún wọn ní ìjọ Ìyá Àgùdà, ní àárọ̀ ọjọ́ tí kò sí ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa tá a wà níbẹ̀ ò kún bẹ́ǹṣì kan. Lẹ́yìn náà ni àríyànjiyàn wá dé. Bàbá mi ò fẹ́ fi fèrèsé wọn sílẹ̀. Ìyá Àgùdà náà ò fẹ́ fi ilé tí ọkọ àárọ̀ wọn kọ́ sílẹ̀.

"Títì ló wà láàárín wa," ni Ìyá Àgùdà fi parí ọ̀rọ̀. "Kì í ṣe òkun."

Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn, nílé méjì, tí bàtà bàbá mi fi la ọ̀nà sójú títì. Nínú ọdún wọ̀nyẹn, ohun tí mo máa ń rántí jù ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Ẹtì Rere. Àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Fìréjọ̀n ni wọ́n ń sè, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi omi àgbọn sè títí á fi ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹ̀kọ. Ìyá Àgùdà kì í fi ọdún kan fò ó, gbogbo àdúgbò ló sì máa ń dúró de abọ́ tiwọn. Lọ́dún yẹn, wọ́n ti gbé ẹ̀wà kaná pẹ̀lú omi bọ́hóòlù látàárọ̀. Di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀wà náà ṣì le, èèpo rẹ̀ ò gbà láti ṣí. Wọ́n jókòó sórí àpótí níwájú iná, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí.

Ni ojú ọ̀run bá ṣú. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ni, ó ń bọ̀ látojú òkun pẹ̀lú atẹ́gùn. Bàbá mi dìde bí ọmọkùnrin, wọ́n ká ṣòkòtò dé orúnkún.

"Gbé gbogbo abọ́ jáde!" ni wọ́n kígbe sí mi. "Garawa, ìkòkò, ohun gbogbo!"

"Ẹ dúró kó fọ páànù ná," ni Ìyá Àgùdà wí, ohùn wọn ti yí padà. "Àkọ́kọ́ rẹ̀ dọ̀tí."

A dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń wo omi tó pọ́n tó ń ṣàn látorí òrùlé. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́. Nígbà tó mọ́ tán, a sáré jáde. Mo rí bàbá mi nínú òjò, orí wọn wà láìsí fìlà, wọ́n ń gbé garawa tó kún kúrò, wọ́n ń fi òmíràn rọ́pò, Ìyá Àgùdà sì ń ti ẹnu ọ̀nà kígbe pé, "Òtútù á mú yín o! Ọkùnrin yìí, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Bàbá mi fi ọwọ́ bu omi láti etí òrùlé, wọ́n mu ún, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sókè. A da ẹ̀wà àkọ́kọ́ nù, a sì gbé òmíràn kaná. Ẹ̀wà yẹn rọ̀ bí bọ́tà. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ń gbé abọ́ kiri láti ilé dé ilé, kò sì sẹ́ni tí a fò.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni èmi náà wá lọ́kọ. Ọkọ mi mú mi lọ sí apá ibi tó kọjá Àjá, níbi tí ilé tuntun pọ̀ sí, tí gbogbo ilé sì ní bọ́hóòlù tirẹ̀. Omi ibẹ̀ kò ní iyọ̀, àmọ́ ó pọ́n, ó ń rùn bí irin, ó ti sọ gbogbo aṣọ funfun mi di àwọ̀ tíì. Mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù. Wọ́n ní kí n má fi po tíì o, kí n má kó ẹ̀gbin bá ìdílé.

Àìsàn bàbá mi kò pẹ́. Ìyá Àgùdà ló tọ́jú wọn, ní òkè ilé wa, nítorí pé bàbá mi ò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kú, mo bá Ìyá Àgùdà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣì di ọwọ́ bàbá mi mú. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo di ọwọ́ kejì mú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo mú Ìyá Àgùdà lọ sọ́dọ̀ mi láti lọ sinmi. Wọ́n yí ẹ̀rọ ilé ìdáná mi, wọ́n wo omi tó jáde.

"Omi yín pọ́n bí ẹni tójú ń tì," ni wọ́n sọ.

Wọ́n kọ́ mi láti jẹ́ kó sùn nínú ìkòkò mọ́jú, kí n rọra bu ti òkè, kí n fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí mo ti bí nígbà náà ò jẹ́ kí wọ́n rí ìsinmi, ó ń tẹ̀ lé wọn kiri inú ilé. Síbẹ̀ wọn ò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i pé wọ́n ti di àpò wọn.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Àìkú."

"Mo ti sùn tó. Ibí yìí dákẹ́ jù. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnikẹ́ni jà látìgbà tí mo ti dé."

Olówógbowó náà ni wọ́n wà di òní. Omi wo ni wọ́n ń lò? Ọmọ wọn gbé ẹ̀rọ kan tó ń sẹ́ omi sílé ìdáná wọn, wọ́n ní ó ń ṣe dáadáa, àmọ́ ariwo rẹ̀ pọ̀. Bí mo bá lọ ra ọjà ní Balógun, mo máa ń yà kí wọn, a sì jọ máa ń jẹun. Mo ti rò pé mo mọ bàbá mi, nítorí pé èmi nìkan ni ọmọ wọn. Àṣé ìdajì ni mo mọ̀. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ìtàn ni bàbá mi ń sọ fún wọn, wọn ò sì gbàgbé ọ̀kankan.

Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, bí wọ́n ṣe ń bu ìrẹsì fún mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láwọn nìkan. Mo bi wọ́n léèrè.

"Ṣé o mọ̀ pé bàbá rẹ jó búrẹ́dì ọ̀gá ọkọ̀ rí?"

"Rárá, mà."

"Ó jó o di èédú. Ẹ̀rù bà á, ó bá kó gbogbo rẹ̀ dà sínú òkun kẹ́nikẹ́ni tó jí. Ni àwọn ẹyẹ òkun bá dé, ọ̀wọ́ wọn ṣú bo ọkọ̀, wọ́n ń pariwo lórí búrẹ́dì, títí ọ̀gá fi jáde pẹ̀lú aṣọ oorun, tó ń bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Kí wá ni bàbá mi sọ fún un?"

Ìyá Àgùdà gbé ṣíbí kalẹ̀ kí ẹ̀rín tó jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀.

"Ó ní àwọn ẹyẹ náà wá kí ọ̀gá kú àárọ̀ ni."